Bí òjìji táńkì omi ṣe gbé mi wọnú ìtàn sólà

Mo mọ̀ pé mo jẹ ọ̀pọ̀ nínú yín ní gbèsè ìpè. Ẹ fi jì mí, ìwé tí mò ń kọ ló so mí mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀sì 177 ní Thamesmead á ti kà á tán kó tó dé Peckham, á sì kọjá nítòsí àwọn ibi tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa wọn.

Ní oṣù Keje ọdún tó kọjá, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Houston dáwó jọ, a ṣe sólà fún Màmá wa ní Àpáta, Ìbàdàn. Ẹ mọ bí nǹkan ṣe rí nílé. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, jẹnẹrétọ̀ ti di nǹkan tí èèyàn ń tàn pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Ní oṣù Kẹrin 2024, owó iná àwọn tó wà ní Band A tún fò sókè. Màmá sì ń ta ẹja yìnyín, fírísà méjì ló wà ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Pánẹ́ẹ̀lì mẹ́fà lọ sórí òrùlé ṣọ́ọ̀bù náà, ìnfátà àti bátìrì wà nínú yàrá. Oṣù Keje, òjò ń rọ̀, iná ń tàn. Oṣù Kẹjọ, ojú ọ̀run ṣú, fírísà ń dì síbẹ̀. Àdúrà tí Màmá gbà fún wa lásìkò yẹn, tó bá ṣe pé wọ́n ń tà á ni, mi ò bá ti fi san owó ilé ọdún kan ní London.

Ẹ̀rùn wá dé. Láti ìparí oṣù Kọkànlá, bátìrì kì í kún mọ́. Oòrùn ń ta bí ẹni pé ó ń bá èèyàn jà, àmọ́ tó bá ti di agogo mẹ́sàn-án alẹ́, ìnfátà á ti máa ké. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Kérésì, ọjà tí Màmá ti ń retí láti ọdún, páálí ẹja mẹ́ta rọ̀, ó rùn, wọ́n kó o dànù.

Gbogbo èèyàn ló mọ ohun tó fà á. Ẹnìkan ní àyédèrú pánẹ́ẹ̀lì ni wọ́n tà fún wa. Ẹlòmíì ní eruku ọyẹ́ ni, ni ọmọ tó ń bá Màmá tajà bá ń gun àkàbà lárààárọ̀, ó ń fi aṣọ tútù nù ún. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ní mẹ́fà kò tó, ká ra méjì sí i. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Ṣebí àwọn àgbà ló ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹ̀gbọ́n mi tiẹ̀ ti ń wá owó náà kiri. Àmọ́ ohun tó dùn mí jù ni ohùn Màmá lórí fóònù: "Ọmọ mi, ṣé kì í ṣe pé èmi ni mo bà á jẹ́? Ẹ kàn náwó yín ṣòfò lórí mi ni."

Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Irú pánẹ́ẹ̀lì wo ló ń ṣiṣẹ́ lójò, tó wá ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀rùn?

Ibi tí mo ti rí ìdáhùn kò jọ ibi tí èèyàn ń wá irú rẹ̀ sí. Ìwádìí tí mò ń ṣe kò kan sólà rárá. Ìtàn okùn tẹligíráàfù abẹ́ òkun ni mò ń kọ, irú okùn tó dé Èkó ní 1886, tó sì mú kí ọ̀rọ̀ tí ọkọ̀ ojú omi ń fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ gbé máa dé London láìdúró de ọkọ̀ kankan. Àmọ́ inú ìtàn okùn yẹn gan-an ni sólà fara pamọ́ sí, nítòsí ibi tí à ń gbé yìí.

Ní nǹkan bí 150 ọdún sẹ́yìn, etí odò Thames lápá ọ̀dọ̀ wa yìí ni wọ́n ti ń ṣe púpọ̀ nínú okùn tẹligíráàfù tó wà lábẹ́ òkun ayé. Siemens Brothers ṣí ilé-iṣẹ́ okùn tiwọn ní Woolwich, lẹ́bàá Charlton, ní 1863. Ní òdìkejì odò, ilé-iṣẹ́ mìíràn wà ní Silvertown. Tí ẹ bá tún sún mọ́ iwájú díẹ̀, ẹ ó kan Enderby Wharf ní Greenwich, níbi tí Telegraph Construction and Maintenance Company ti ń ṣe tirẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣe okùn tí ọkọ̀ ńlá Great Eastern gbé lọ sí Amẹ́ríkà ní 1866.

Ọ̀gá onímọ̀ iná ní ilé-iṣẹ́ Greenwich yẹn ni Willoughby Smith. Ara iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa dán okùn wò bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ sínú òkun, torí tí okùn bá ja ní ìsàlẹ̀ ibú, kí ni wọ́n fẹ́ ṣe é? Fún ìdánwò náà, ó nílò nǹkan kan tí iná kì í tètè gba inú rẹ̀ kọjá, tí ìwọ̀n ìdènà rẹ̀ kò sì ní máa yí padà. Ó mú sẹlẹ́níọ́mù. Ó jọ pé ó yẹ iṣẹ́ náà. Àmọ́ nígbà tí òun àti Joseph May, igbá-kejì rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, nǹkan náà ń ṣe ségesège. Wọ́n á wọ̀n ọ́n báyìí, ó di báyìí. Wọ́n á tún un wọ̀n, ó ti di nǹkan mìíràn.

Smith kò jù ú nù. Ó kó àwọn igi sẹlẹ́níọ́mù kéékèèké náà sínú àpótí tó ní ìdérí. Nígbà tó pa àpótí náà dé, ìdènà wà ní góńgó. Bó ṣe ṣí ìdérí, ìmọ́lẹ̀ wọlé, iná bẹ̀rẹ̀ sí í gba inú rẹ̀ kọjá dáadáa, ìyàtọ̀ náà sì jẹ́ láti 15 dé 100 nínú ọgọ́rùn-ún, bí ìmọ́lẹ̀ náà bá ṣe lágbára tó. Ó kọ èyí sínú lẹ́tà ní oṣù Kejì 1873, ìwé ìròyìn Nature sì gbé e jáde lóṣù kan náà.

Ohun kan wà nínú lẹ́tà yẹn tí mo ti kà ní ìgbà mẹ́ta láìfura sí i. Smith ní òun kàn fi ọwọ́ dí iná gáàsì kan tó jìnnà díẹ̀ sí sẹlẹ́níọ́mù náà, ìdènà sì fi 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Ọwọ́ lásán! Ìgbà kẹrin tí mo kà á, ẹja Màmá ti rùn. Mo bá ro ó lọ́kàn mi pé: òjìji. Ìmọ́lẹ̀ ni gbogbo èèyàn máa ń mẹ́nu bà nínú ìtàn yìí, àmọ́ òjìji ló tú àṣírí ìmọ́lẹ̀. Tó bá ṣe pé inú ìmọ́lẹ̀ tí kì í yí padà ni sẹlẹ́níọ́mù yẹn wà láti àárọ̀ dalẹ́, Smith kò bá má rí nǹkan kan.

Ẹ má gbọ́ mi lódì o. Smith kọ́ ló ṣe sólà. Edmond Becquerel, ọmọ ọdún 19 ní Paris, ti rí i ní 1839 pé ìmọ́lẹ̀ lè mú iná jáde nínú omi oògùn. Ohun tí lẹ́tà Smith ṣe ni pé ó darí ojú àwọn onímọ̀ sí sẹlẹ́níọ́mù. Ní 1876, William Grylls Adams àti Richard Evans Day ní King's College London tan ìmọ́lẹ̀ sí i, wọ́n rí i pé ó ń mú iná tirẹ̀ jáde láìsí bátìrì kankan. Ní New York, Charles Fritts tẹ́ sẹlẹ́níọ́mù pẹlẹbẹ, ó fi góòlù tó fẹ́lẹ́ bí atẹ́gùn bò ó, ó sì ṣe pánẹ́ẹ̀lì ní 1883. Bíi 1 péré nínú ọgọ́rùn-ún agbára ìmọ́lẹ̀ ló ń sọ di iná. Ó fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí Werner Siemens ní Jámánì, ẹ̀gbọ́n William Siemens tó ni iṣẹ́ Woolwich. Werner gbà á gbọ́, ó sì gbé e síwájú àwọn ọ̀mọ̀wé Prussia. Àmọ́ ayé kò tíì ṣe tán. Ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin 1954 ni àwọn ará Bell Labs ní Amẹ́ríkà tó fi èyí tó wúlò han aráyé, èyí tí wọ́n fi sílíkọ́ọ̀nù ṣe, tó ń sọ bíi 6 nínú ọgọ́rùn-ún di iná. Àwọn tí à ń rà lónìí ti kọjá 20.

Sẹ́ẹ̀lì kan kì í mú ju bí ìdajì fólítì wá. Kò tó nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń so bí 60 tàbí 72 pọ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan tẹ̀léra, kí iná gba inú ti àkọ́kọ́ bọ́ sínú ìkejì, títí dé òpin. Ibẹ̀ ni wàhálà òjìji ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń da dẹ́kìn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nílé: àwọn lébìrà á tò láti ìsàlẹ̀ dé òkè, páànù kọnkéré á máa ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sọ́wọ́ ẹnìkejì. Tí ẹnìkan ní àárín bá ń tòògbé, agbára àwọn tó kù kò wúlò. Bí ẹni tó ń sùn yẹn ṣe ń ṣe ni gbogbo wọn máa ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì tí òjìji bò ṣe máa ń dá gbogbo ìlà dúró. Kò tán síbẹ̀. Iná tí àwọn yòókù ń tì á lẹ́yìn á máa yí padà di ooru lára rẹ̀, ó lè gbóná débi tí á fi jó.

Àwọn tó ń fi sólà sára àwọn nǹkan tí wọ́n ń rán sójú òfuurufú tètè rí èyí. Vanguard 1 tí Amẹ́ríkà fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta 1958 kéré gan-an, àmọ́ yíká ara rẹ̀ ni wọ́n tò sólà sí, kó lè jẹ́ pé ibi yòówù kó kọ sí, apá kan á rí oòrùn. Bátìrì rẹ̀ kú láàárín oṣù díẹ̀. Rédíò tí sólà ń gbé ṣì ń dún títí di 1964. Nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú wá ń tóbi sí i ní àwọn ọdún 1960, tí òjìji èríà àti ara ọkọ̀ ń bọ́ sórí sólà, àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò ohun tí òjìji ń jẹ.

Ohun tí wọ́n fi ń gba ara wọn là, ó wà lẹ́yìn pánẹ́ẹ̀lì tiyín náà. Ẹ wo àpótí dúdú kékeré tí wáyà ti jáde. Dáyóòdù wà nínú rẹ̀, mẹ́ta ló sábà máa ń jẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń ṣọ́ ìdá mẹ́ta pánẹ́ẹ̀lì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé tí lébìrà kan bá sùn, páànù á gba ọ̀nà ẹ̀yìn kọjá. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ẹ̀yìn yẹn kì í fo ẹni tó sùn nìkan, gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń fò. Nítorí náà, òjìji tó bo sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo nínú 72 lè jẹ ìdá mẹ́ta pánẹ́ẹ̀lì náà gbe. Tó bá ká gbogbo ìsàlẹ̀ pánẹ́ẹ̀lì, ó lè kan apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní òru ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí yé mi, mi ò sùn. Ní agogo mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ní kí ọmọ ṣọ́ọ̀bù Màmá ya fídíò òrùlé fún mi. Ẹ̀yin ará mi, ó wà níbẹ̀ gbalaja. Òjìji táńkì omi dùbúlẹ̀ sórí pánẹ́ẹ̀lì kan, òjìji ẹsẹ̀ irin rẹ̀ àti ti páìpù sì fa ìlà kọjá lórí mẹ́ta mìíràn. Mẹ́rin nínú mẹ́fà. Bẹ́ẹ̀ okùn kan ṣoṣo ni wọ́n so mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mọ́.

Ó wá ku ìbéèrè kan: níbo ni òjìji náà wà ní oṣù Keje? Àwa tí a dàgbà nílé máa ń sọ pé oòrùn ń kọjá lórí wa ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Láti bí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, ìhà àríwá Ìbàdàn ni oòrùn ọ̀sán máa ń wà. Lẹ́yìn ìyẹn ó máa ń kọjá sí gúúsù, ó sì máa ń jìnnà jù ní oṣù Kejìlá. Ìhà gúúsù pánẹ́ẹ̀lì ni táńkì Màmá wà. Ní oṣù Keje tí wọ́n ṣe iṣẹ́ náà, ẹ̀yìn táńkì ni òjìji ọ̀sán ń bọ́ sí, pánẹ́ẹ̀lì kò mọ̀ pé táńkì wà láyé. Ní oṣù Kejìlá, òjìji yíjú padà. Nǹkan tó fi mítà 2 ga ju pánẹ́ẹ̀lì lọ á na òjìji tó lé ní mítà kan ní ọ̀sán gangan nígbà yẹn, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ sì gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà wo òkè lóòótọ́ o. Oṣù kan ló fi wò ó.

London níbí tiẹ̀ le jù. Ní ọ̀sán gangan ní ìparí oṣù Kejìlá, oòrùn wa kì í gòkè ju bíi dígíríì 15 lọ. Ẹ wo àwọn ilé àtijọ́ tó wà ní ìlà-ìlà ní Plumstead, tí wọ́n ní ṣímínì lórí: ṣímínì tó ga ní mítà 1 á na òjìji tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 4. Ọ̀rọ̀ náà tiẹ̀ ti dé ilé ẹjọ́ rí. Ní Rochester, ní Kent, ọkùnrin kan ní sólà lára ògiri ilé rẹ̀, aládùúgbò rẹ̀ sì fẹ́ kọ́lé kún tirẹ̀ lọ́nà tí òjìji á fi bo sólà náà. Medway Council ní ọ̀rọ̀ àdáni ni, kò kan àwọn, wọ́n fún aládùúgbò níwèé àṣẹ. Ní 2019, High Court fagi lé ìwé àṣẹ yẹn. Adájọ́ ní òjìji lórí sólà jẹ́ ohun tó yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ gbé yẹ̀ wò kó tó fọwọ́ sí ilé. Ẹ̀yin tí ẹ ti ra ilé sí Thamesmead àti Abbey Wood, ẹ fi èyí sápò.

Padà sí Àpáta. A kò ra pánẹ́ẹ̀lì kankan mọ́. Tí a bá ra méjì yẹn, orí okùn kan náà lábẹ́ òjìji kan náà ni wọ́n fẹ́ tò ó sí, à bá fi ètè sílẹ̀ máa pa làpálàpá. Wọ́n ṣí pánẹ́ẹ̀lì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kúrò, wọ́n gbé wọn lọ sórí òrùlé ilé ńlá tó ga ju táńkì lọ. Ohun tó ná wa ni owó iṣẹ́ ọjọ́ kan, irin díẹ̀, àti wáyà mítà 15. Ní ọjọ́ kẹta, agogo méjì ọ̀sán, bátìrì ti kún, nínú ọyẹ́.

Mo pe Màmá, mo ní, "Màmá, ẹ kò ba nǹkan kan jẹ́ o. Òjìji táńkì ni." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Òjìji? Òjìji lásán ló jẹ ẹja mi?" Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn.

Mò ń kọ èyí torí mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú wa ló ń fowó ránṣẹ́ sílé fún sólà báyìí, a ń fi iṣẹ́ alẹ́ àti iṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ kó owó náà jọ. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ ní kí wọ́n ya àwòrán òrùlé fún yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́: agogo mẹ́sàn-án, ọ̀sán gangan, agogo mẹ́rin. Ẹ béèrè ohun tó wà ní gúúsù àti ní àríwá rẹ̀: táńkì, igi, òpó iná, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí aládùúgbò ń kọ́ lọ́wọ́. Ẹ bi oníṣẹ́ náà pé, "Ní oṣù Kejìlá ńkọ́? Ní oṣù Kẹfà ńkọ́?" Tó bá rẹ́rìn-ín yín, ẹ wá ẹlòmíì.

Ilé-iṣẹ́ okùn Woolwich yẹn tì ní 1968. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn ayálégbé àkọ́kọ́ kó wọ Thamesmead, lórí ilẹ̀ àbàtà tí púpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti Royal Arsenal tẹ́lẹ̀. Mo máa ń gba etí odò rìn láti ilé lọ sí Woolwich lọ́jọ́ Sátidé, nígbà míì mo máa ń dé Charlton, níbi tí díẹ̀ nínú àwọn ilé Siemens ṣì dúró. Láti ọjọ́ ọ̀rọ̀ yìí, mi ò lè wo òrùlé kankan mọ́ láìwá ibi tí òjìji ń bọ́ sí.

Màmá ní kí n kí gbogbo yín. Ẹni tí sólà ilé wọn náà bá ń ṣe ségesège, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, kẹ́ ẹ sì fi àwòrán òrùlé sí i. A ó jọ wò ó.